Àpótí Tí Kò Gbọdọ̀ Mí

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Kàdúná níbí. Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà ọmọ. Mo kí àwọn ará wa ní Olúpọ̀nnà, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo sì kí Ràfíù àbúrò mi tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Ràfíù, rọra kà á o, má fo ibì kankan bí o ti máa ń ṣe nílé kéwú.

Bàbá, lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ ní apá yín kò ká ayùn mọ́. Ẹ bi mí bóyá kí ẹ fi ṣọ́ọ̀bù dúró dè mí, tàbí kí ẹ fà á lé Gàníyù tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín lọ́wọ́. N ó dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ara mi.

Ó rẹ̀ mí, Bàbá. Òjò ibí yìí kò jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ, iṣẹ́ ọjọ́ kan a di ti ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀gá a sì máa pariwo lé mi lórí bí ẹni pé èmi ni mo ń rọ òjò. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì ni mò ń kàn, kì í ṣe ilẹ̀kùn. Ọ̀gá mi ń fi ẹ̀rọ orin sínú ọkọ̀ àwọn olówó. Èmi ni mo ń kan àpótí pákó tí a ń gbé sínú búùtù, tí sípíkà tó fẹ̀ tó abọ́ tí gbogbo wa fi ń jẹun pọ̀ ń wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìró ìsàlẹ̀ orin ti ń jáde, èyí tó ń mi èèyàn láyà. Bí wọ́n bá ti gbé fújì sí i, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́.

Bí ẹ ti kọ́ mi ni mo ṣe kan àkọ́kọ́. Ẹ máa ń sọ pé àpótí aṣọ gbọ́dọ̀ máa mí, kí aṣọ inú rẹ̀ má baà hu, ẹ ó sì lu ihò kéékèèké mẹ́ta sẹ́yìn rẹ̀. Èmi náà lu tèmi, mo fi sánpépà dán an, mo ń retí ìyìn. Ọ̀gá tan orin, ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ó bi mí pé ta ló kọ́ mi níṣẹ́, mo dárúkọ yín. Ó ní káfíńtà gidi kò ní lu ihò sílé sípíkà, pé afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ ríbi jáde níbẹ̀ rárá. Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó dùn mí gan-an, nítorí ẹ̀yin ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé pé àpótí aṣọ ni Bàbá mi ń kàn, ṣùgbọ́n ṣe ni wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà yẹn, mo ń po gọ́ọ̀mù mọ́ ìyẹ̀fun pákó, mo sì fi ń dí gbogbo ibi tí pákó ti pàdé. Bí mo bá parí, màá fi ìka kan ara àpótí náà, màá tẹ́tí sí i, bí ẹ ti máa ń ṣe. Ìyẹn kò tíì já mi kulẹ̀ rí.

Àwọn tí a jọ ń gbé ń sọ Haúsá, wọn kò ṣe mí níbi. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹni tí a ó jọ máa fira wa ṣe yẹ̀yẹ́ lédè wa. Owó tí mo fi ránṣẹ́ kéré, mo mọ̀. Ẹ má rò pé mo ń fi ìyókù jayé. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé, tèmi kò tilẹ̀ dùn.

Alájì tó mú lẹ́tà yìí wá, ọmọ Ìwó ni, táyà ló ń tà níbí. Mo fẹ́ bá a wálé ṣe Iléyá, àmọ́ ọ̀gá ní bí mo bá lọ, kí n má padà. Àpótí mi ló wà nínú búùtù ọkọ̀ Alájì. Nígbà tí mo kàn án, ọwọ́ mi ṣàdédé lu ihò kan sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá kò sí nítòsí. Mo gbẹ́ èèkàn igi kékeré kan, mo fi gọ́ọ̀mù dí ihò náà, mo sì fi sánpépà pa ojú rẹ̀ rẹ́. Ẹlòmíràn kò lè rí i. Ẹ̀yin á rí i.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí Alájì ṣí búùtù. Kó má tíì tan orin. Ẹ fi ìka kan àpótí náà, kí ẹ sì fọwọ́ wá èèkàn yẹn. Bí ẹ bá rí àléébù nínú bí mo ṣe dí i, ẹ fa ṣọ́ọ̀bù lé Gàníyù lọ́wọ́, ó tọ́ sí i, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n bí ó bá dún bó ṣe yẹ kó dún létí yín, ẹ fún Alájì ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù kó mú un bọ̀ fún mi. Ọjọ́ tí mo bá gbà á ni n ó sọ fún ọ̀gá pé mo ń lọ sílé.

Kí Ọlọ́run Ọba fún yín lálàáfíà, kó jẹ́ kí n bá yín láyé. Ìyá mi, ẹ kò ní fi omijé retí mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí Gàníyù náà, ṣùgbọ́n ẹ má tíì sọ nǹkan kan fún un.

Èmi ni Làsísì, ọmọ yín, tó ń retí ìpadàbọ̀ Alájì.