Ìyá Mi, Kì Í Ṣe Òtútù Amẹ́ríkà Ló Fa Ikọ́ Yín

Ìyá mi Alhaja, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì kú àdúrà lórí wa. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, mo sì kí gbogbo ará ilé wa n'Íbàdàn. Èmi Ràsákì, àkọ́bí yín, ni mo ń kọ̀wé yìí láti District Heights ní Maryland, l'Amẹ́ríkà níbí. Ara mi le, Alhamdulillahi. Ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Ẹ máa ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe tí mo fi máa ń dé bí ẹni tó jìjàkadì nínú ẹrọ̀fọ̀. Púpọ̀ nínú ilé ibí kì í jókòó sórí ilẹ̀ bíi tiwa. Àlàfo kan máa ń wà lábẹ́ wọn tí èèyàn ò lè nàró níbẹ̀. Ńṣe là ń rákòrò bí ọmọ oṣù méje. Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. À ń tẹ́ ọ̀rá ńlá sórí erùpẹ̀ kí ọ̀rinrin má gòkè, à ń fi fóòmù líle dí ara ògiri kí òtútù má ráyè. Kò sẹ́ni tó ń gbé fọ́tò iyẹn kọ́. Fọ́tò ilé Wàsíù àbúrò mi ló wà lára ògiri pálọ̀ yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mò ń jowú àbúrò mi. Nọ́ọ̀sì ni, ó ra ilé ńlá ní Mitchellville, ẹnu yín kì í sì í kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bímọ lọ́dún tó kọjá, ẹ wá bá wọn wẹ ọmọ. Oṣù mẹ́ta gbáko lẹ lò lọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ méjì péré lẹ lò lọ́dọ̀ mi, ẹ tún ní àtẹ̀gùn ilé mi pọ̀ jù. Haba, Alhaja! Ọjọ́ tí mo wá kí yín níbẹ̀, ẹ ní kí n wo ilé àbúrò mi yíká, pé ìgbà wo ni èmi tí mò ń rá kiri lábẹ́ ilé onílé máa gòkè. Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí wọ egungun.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, imú mi gbọ́ òórùn kan ní yàrá ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi yín sí. Mo yọ́ lọ sẹ́yìnkùlé, mo ṣí ilẹ̀kùn kékeré ìdí ilé, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Yéè! Gbogbo páìpù ń làágùn bí ìgò mínírà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fìríìjì. Òwú tí wọ́n fi ń dá òtútù dúró ti mumi yó, ó ń já bọ́. Igi tó gbé yàrá yín ró ti ń bu. Àwọn fèrèsé kéékèèké ìdí ilé sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo bi Wàsíù pé ta ló ṣí wọn. Ó ní ẹ̀yin lẹ ní kí òun ṣí wọn, pé ilé gbọ́dọ̀ mí kó lè gbẹ.

Mi ò bá yín wí. N'Íbàdàn, òótọ́ ni, atẹ́gùn ló ń gbẹ aṣọ, òun ló ń gbẹ èlùbọ́. Àmọ́ atẹ́gùn ìgbà ooru ní Maryland, omi ló kún inú rẹ̀. Tó bá ti kan abẹ́ ilé tó tutù, ibẹ̀ ló máa da omi náà sí. Mo mọ̀. Iṣẹ́ mi ni. Gbólóhùn kan péré ni ǹ bá sọ, mi ò sọ ọ́. Mo ní lọ́kàn mi pé kí ilé ńlá náà jẹrà, kí ẹ lè mọ̀ pé abẹ́ ilé náà níyì.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ikọ́ fi dá yín gúnlẹ̀. Wàsíù lo oògùn fún yín tì. Àwọn èèyàn wa ní mọ́ṣáláṣí ní ìyàwó rẹ̀ ló ń tan ẹ̀rọ amúlétutù jù, ọmọbìnrin náà sunkún. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń mi orí. Nígbà tí ẹ délé, ikọ́ lọ, ẹ sì búra pé òtútù Amẹ́ríkà ò bá yín lára mu, pé ẹ ò ní fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́.

Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Mùínátù ìyàwó mi, tí ẹ ti ń gbàdúrà fún láti ọdún mẹ́sàn-án, lóyún, oṣù méjì ló kù. Ẹ bú sẹ́kún ayọ̀ lórí fóònù, ẹ súre, lẹ́yìn náà ẹ ní ká wá ẹlòmíì tó máa wẹ ọmọ, nítorí ikọ́ yẹn. Ẹ sì mọ̀ pé ìyá Mùínátù ti kú.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ ní gbangba, kí gbogbo àwọn tó bú ìyàwó Wàsíù lè kà á. Kì í ṣe òun, kì í ṣe òtútù; igi tó ń bu lábẹ́ yàrá yín ló fa ikọ́ náà, mo sì mọ̀. Èmi ni. Ẹ forí jì mí, ìyá mi.

Mo ti jẹ́wọ́ fún Wàsíù. Ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó sì bá mi wọ abẹ́ ilé rẹ̀. Ọjọ́ méjì la fi rá. A kó òwú tó ti jẹrà jáde, a fọ igi, a tẹ́ ọ̀rá, a dí àwọn fèrèsé yẹn pa, a gbé ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin síbẹ̀. Níbi tí a ti dùbúlẹ̀ sínú erùpẹ̀, ó ní òun náà ń jowú mi, pé ní gbogbo oṣù mẹ́ta yẹn, tí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé, ohun tí ẹ kọ́kọ́ máa ń bi òun ni bóyá Ràsákì ti jẹun. Mo ní irọ́ ló ń pa. Inú mi dùn ṣìnkìn.

Yàrá yẹn ti gbẹ. Ẹ dákun, ẹ wá. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ náà lẹ máa fẹ́ sùn, ó ṣì ń dùn mí, mi ò ní parọ́. Síbẹ̀, ọwọ́ mi ni mo fi tún un ṣe. Láràárọ̀, Wàsíù á fi mọ́tò gbé yín wá, èmi á sì gbé yín pọ̀n gun àtẹ̀gùn mi, kí ẹ wẹ ọmọ mi.

Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ kí tẹbí-tará.

Èmi ni ọmọ yín tí kò ní dákẹ́ mọ́,
Ràsákì