Mo Pààrọ̀ Ejò Gàníyù

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú iṣẹ́ oko. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Onitsha níbí, mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, mo sì kí gbogbo ìyàwó ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí ìwé ìròyìn bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde nítorí pé Gàníyù ọmọ àdúgbò wa ń bọ̀ wálé fún Iléyá, mo sì mọ ẹnu rẹ̀. Kó tó dé iwájú ilé wa, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi ọmọ yín: òótọ́ ni pé mo ra ejò. Òótọ́ sì ni pé mo jí ejò Gàníyù.

Iṣẹ́ wà, màmá. Láti ìgbà tí ogun ti parí ni wọ́n ti ń kọ́lé ní ìlú yìí láìsinmi. Ilé ìkó-sìmẹ́ńtì kan létí odò ni mo ti ń ka àpò. Bí mo bá wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, omi kejì ṣì ń funfun. Owó ń wọlé, àmọ́ n kò tíì gbọ́ Ìgbò dáadáa, bí mo bá sì délé, n kì í rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Gàníyù tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi ń wa lọ́rì lọ sí Enugu, ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta kó tó dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ní ohun ọ̀sìn. Ajá ń gbó, onílé wa kò sì fẹ́ ariwo.

Apẹja kan láti òdìkejì odò gbé mọ́námọ́ná kékeré méjì wá sétí omi nínú apẹ̀rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, kò ní oró. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ṣe ni yóò ká jọ bíi bọ́ọ̀lù, tí yóò fi orí pamọ́ sáàárín. Mo ra ọ̀kan. Gàníyù tí kò ronú kan ejò rí láyé rẹ̀ wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ra èkejì. Ibẹ̀ ni inú ti kọ́kọ́ bí mi. Bí mo bá ra fìlà, òun náà á ra fìlà.

Mama Nkechi, onílé wa, figbe ta nígbà tó rí wa. Ní Obosi, ìlú rẹ̀ tí kò jìnnà síbí, wọn kì í pa ejò yìí. Bó bá wọlé wọn, wọn yóò kàn rìn yí i ká. Ó bi wá pé ta ló ń fowó ra ohun tó ń wọlé fúnra rẹ̀. Ó ní bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, àwa la ó ra pósí, a ó sì sin ín bí a ṣe ń sin ènìyàn.

Mo tọ́jú tèmi. Mo kan àpótí fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ fún un, mo gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Mo ń gbé e láàárọ̀, mo ń gbé e bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo ń fi í kọ́rùn, mo ń bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kò jẹun. Gàníyù ní tirẹ̀ sọ ejò sínú ìkòkò ẹlẹ́nu tóóró, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Bó bá ti Enugu dé, á ju èkúté sí i, èkúté tí èmi fọwọ́ ara mi mú níbi iṣẹ́! Kó tó bọ́ bàtà tán, ejò ti gbé e mì. Á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, á ní, Jímọ̀ọ́, ọmọ tèmi ti jẹun o, tìẹ ńkọ́, ṣé ààwẹ̀ ló ń gbà ni?

Màmá, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun èmi náà mọ́. Mo gbà pé apẹja ló fún un ní èyí tó dáa. Nígbà tó tún ń lọ sí Enugu, ó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ sí mi lọ́wọ́ bó ṣe máa ń ṣe. Mo ṣílẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan, mo pààrọ̀ àwọn ejò náà.

Ejò Gàníyù dé inú àpótí mi, ó ṣíwọ́ oúnjẹ. Tèmi tó ti rù dé inú ìkòkò Gàníyù, kò jẹ èkúté àkọ́kọ́, kò jẹ èkejì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbé èkúté mì. Gàníyù tún wá sẹ́nu ọ̀nà mi láti sọ fún mi!

Mo lọ bá Mama Nkechi, mo jẹ́wọ́ fún un, mo bi í pé kí ni mo fi ṣe ejò. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní ibi tóóró tó ṣókùnkùn, tó sì móoru ni ejò yìí ń fẹ́, pàápàá nínú ọyẹ́. Ó ní ọwọ́ mi ni kò jẹ́ kó jẹun, pé èmi gan-an ni ó ń sá fún.

Mo dúró de Gàníyù, mo sọ ọ́ fún un lójú rẹ̀. Búrẹ́dì ló ń jẹ, kò tilẹ̀ dáwọ́ dúró. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, torí ti òun ní àpá nídìí ìrù. Ó ní nígbà tí òun rí bí tèmi ṣe rù tó, òun mọ̀ pé bí òun bá dá a padà, yóò kú sí mi lọ́wọ́, òun náà á sì dá nínú owó pósí. Mo fẹ́ kó bú mi. Kò bú mi.

Mo ti ra ìkòkò ní Iweka Road. Olúkúlùkù ti padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀, tèmi sì ti jẹun lẹ́ẹ̀kan. Bí Gàníyù bá ń bọ̀ wálé, èmi ni yóò máa bọ́ méjèèjì, torí ó tún ti fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún mi. Mo ti ṣèlérí pé n kò ní ṣí ìdérí àfi lọ́jọ́ oúnjẹ. Kò rọrùn fún mi.

Kò sì rọrùn fún mi pé òun ni yóò kọ́kọ́ rí yín, pé òun lẹ ó bu ẹran Iléyá fún. Ẹ bu ún fún un dáadáa, màmá, ó tọ́ sí i. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní “ọmọ mi” ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a fojú kan ara wa láyọ̀. Kò ní fi yín sílẹ̀, kò ní jẹ́ kí bàbá mi ṣàìsàn. Ẹ bá mi kí ará ilé, kí ará oko, kí ẹ kí àwọn tí mo gbàgbé.

Èmi ni ọmọ yín tó ń jowú,
Jímọ̀ọ́