Ṣọ́ọ̀kì Tí Mọ̀ọ́tán Ní Ká Yọ

Bàbá mi,

Ara mi le, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀gá wa ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tí a ń pè ní Mọ̀ọ́tán, àgbá òfìfo paraku, ni mo fẹ́ fi pa yín lẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbé mọ́tò àtijọ́ kan wá, asáré-tete. Ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń gbéra sókè fúnra rẹ̀ bí ẹrù bá pọ̀, nítorí òróró tí wọ́n fún mọ́ inú páìpù ló ń ti ṣọ́ọ̀kì tó gbé e dúró. Mọ̀ọ́tán ní ká yọ gbogbo ẹ̀, ká fi sipíríǹgì lásán dípò. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dín agbára tó ń ti òróró yẹn kù."

"Ta ló kọ́ ẹ níyẹn?"

"Bàbá mi ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Wọ abẹ́ mọ́tò, ọmọ bàbá ẹ!"

Mo tú nọ́ọ̀tì kan péré, òróró tú pàà sójú mi. Ohun tí òmùgọ̀ yẹn kọ́kọ́ pariwo ni pé mo ti ba ilẹ̀ òun jẹ́.

Ojú ọ̀tún mi ń sinmi báyìí. Bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ibí rọ̀, wọ́n ń gbé oúnjẹ wá bá mi bí ọba. Ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gbé ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, torí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dáa ju tèmi lọ. Mọ̀ọ́tán wá lánàá, ó béèrè ìgbà tí mo máa wá parí iṣẹ́. Mo kọjú sí ògiri.

Ẹ bá mi kí Màámi. Ẹ ní mo ti sanra.

Ọmọ yín.