Àforíjì Ilé dé Ilé Nígbà Ìbò Ààrẹ

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Gbogbo ilé ń kí yín. Ara Màmá le, orúnkún nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọn ò sì yéé bá mi wí pé mo ń da iyọ̀ sọ́bẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún níyọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìbò ààrẹ ku ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ti lẹ pósítà mọ́ gbogbo ibi tó ṣeé lẹ̀ ẹ́ mọ́ ní Ìmẹ̀kọ, títí dé ara ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́. Olùdíje kan ń rẹ́rìn-ín sí mi níbẹ̀ láràárọ̀, èéfín sì ti sọ gbogbo eyín rẹ̀ di dúdú. Ká ní ẹ wà níbí, ẹ̀rín ìbá ti pa yín.

Ibodè ọ̀dọ̀ wa ṣì wà ní títì. Ẹ rántí pé ẹ ní kí àgbàdo tó gbó, wọ́n á ti ṣí i. Àgbàdo gbó, a jẹ ẹ́ tán, a tún gbin òmíràn. Wọ́n ní wọ́n ti ṣí ti Ìdí-Ìrókò, ṣùgbọ́n okùn ṣì wà lójú títì níhìn-ín. Àwọn obìnrin tó máa ń ti ìlú Kétu lódìkejì ibodè wá ra gàrí wa ò rọ́nà wá mọ́. Wọn ò jẹ́ kí àwọn iléepo tó súnmọ́ ibodè ta bẹntiróò, nítorí náà Ayétòrò ni mo ti ń ra èyí tí a ń bù sẹ́rọ, bí wọ́n bá sì rí kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mi lójú ọ̀nà, wọ́n á wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbé ìlú tà. Àwọn onítíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni ibodè tí wọ́n tì ò ká lọ́wọ́ kò. Ojúbùdó mẹ́ta ni wọ́n wà láti ibí dé Ayétòrò, wọ́n sì ń gbowó lórí àpò gàrí kọ̀ọ̀kan, a rí i tà o, a ò rí i tà o.

Ohun tó mú kí ìbò yìí gbóná lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Olùdíje ẹgbẹ́ tó wà lórí àlééfà ní kí ibodè wà bẹ́ẹ̀, kí owó orí ọjà òkèèrè sì lọ sókè sí i, ká máa jẹ ohun tí a bá gbìn. Alátakò rẹ̀ ní ọjọ́ tí òun bá búra ni òun máa ṣí ibodè. Bóyá ní Àbújá, gírámà ni wọ́n ń fi í bá ara wọn sọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ ni. Obìnrin méjìlélógún ló wà lábà gàrí báyìí, èmi ni wọ́n sì fi ṣe olórí nítorí pé ẹ̀rọ tí ẹ fi owó òwú oko yín rà la jọ ń lò. Ẹ ṣeun o, Bàbá. Gbogbo àárọ̀ tí mo bá fa okùn rẹ̀ tó sì dáhùn ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń kọ́kọ́ wúkọ́ fún mi dáadáa.

Ẹ ó rántí Bọ̀dá Tíṣà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Òun ló ń bá ẹgbẹ́ ìjọba polongo ní àdúgbò wa. Ó wá sábà wa lọ́jọ́ kan, ó ní bí olùdíje àwọn bá wọlé, onítíkẹ́ẹ̀tì kankan ò ní dúró lójú títì mọ́. Ó ní owó orí kan ṣoṣo la ó máa san lọ́dún, ó parí. Bàbá, ó dùn mọ́ mi débi pé mi ò bèèrè ẹ̀ẹ̀kejì. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an ni mo pe àwọn obìnrin jọ, mo ní ẹni tí a máa dìbò fún nìyẹn. Wọn ò bá mi jiyàn. Ọ̀kan nínú wọn tó ti ń pariwo alátakò láti àárọ̀ ká pósítà rẹ̀, ó kì í bọnú iná abẹ́ agbada. Ọmọ yín ló sọ ọ́, wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Bọ̀dá Tíṣà mú ìwé kékeré kan tí ètò ẹgbẹ́ wọn wà nínú rẹ̀ wá fún mi, pé kí n kà á fún àwọn tí kò mọ̀wé. Ẹ̀yin tí mo mọ̀, ẹ kì í gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìkà á lẹ́ẹ̀mejì, ìka lábẹ́ ọ̀rọ̀, ètè ń mì. Ẹ̀ ń ka ti inú páálí oògùn ikọ́ pàápàá kí ẹ tó ṣí ìgò. Èmi ti sọ̀rọ̀ tán kí n tó kàwé. Ìgbà tí mo wá kà á, mo rí i pé kò sí ohun tó kan tíkẹ́ẹ̀tì gàrí níbẹ̀ rárá. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ń lọ ìyẹ̀fun ni wọ́n fẹ́ dín owó orí kù fún. Ní ti àwa, abà yòówù tó bá ti ní ẹ̀rọ, wọ́n á kà á sí iléeṣẹ́, á sì máa san owó orí iléeṣẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì bí ẹ ti máa ń ṣe. Kò yí padà.

Mo gba ilé Bọ̀dá Tíṣà lọ. Ó rẹ́rìn-ín.

“Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká wọlé ná. Ta ló ń kàwé?”

Tíṣà ló sọ bẹ́ẹ̀ o, Bàbá! Ó wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní tí wọ́n bá ń kọ orúkọ àwọn tó ní ẹ̀rọ, òun á rí i pé wọn ò kọ tèmi. Tèmi nìkan. Kí n ṣáà fi àwọn obìnrin sílẹ̀ bí mo ṣe ti tò wọ́n. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó wọ̀ mí lójú. Láti ilé rẹ̀ títí dé ìdí igi kajú tó wà létí ọ̀nà ni mo ti ń fi owó orí tí mi ò ní san tún òrùlé abà ṣe lọ́kàn.

Ibi igi kajú yẹn ni mo ti rántí ìrìn yín. Ẹ̀yin lẹ ní kí gbogbo àdúgbò dìbò fún ẹgbẹ́ yìí nígbà tó kọjá. Nígbà tí wọ́n wá ti ibodè, tí nǹkan le, ẹ dé fìlà funfun yín láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ mú ọ̀pá, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí wọ ilé kiri. Ọ̀rọ̀ kan náà lẹ ń sọ nílé gbogbo: “Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ dìbò fún wọn. Mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ forí jì mí.” Ẹ sọ ọ́ fún àgbà, ẹ sọ ọ́ fún àwọn tí mo jù lọ́jọ́ orí. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Ẹ̀yin kan náà lẹ tún wá ń ṣà á láti ilé dé ilé.

Ojú tì mí nígbà náà. Ṣé ẹ mọ̀ pé inú ilé ni mo sá sí nígbà tí mo rí yín tí ẹ ń bọ̀ láti ilé kejì? Mo ní àgbàlagbà wo ló ń bẹ ọmọdé nítorí ọ̀rọ̀ ìbò. Fún ọjọ́ mẹ́ta, oúnjẹ nìkan ni mo ń gbé síwájú yín, mi ò bá yín sọ̀rọ̀ kan. Ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀? Ẹ ò bèèrè, ẹ kàn ń dúpẹ́ oúnjẹ. Mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín títí ẹ fi lọ, ó sì dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ forí jì mí.

Lọ́jọ́ kejì tí mo ti ilé Bọ̀dá Tíṣà dé, èmi náà jáde lọ sílé àwọn obìnrin wa kọ̀ọ̀kan. Mi ò ní fìlà, mo wé gèlè. Mo ní mo sọ̀rọ̀ kí n tó kàwé, mo ti kó ọ̀rọ̀ mi padà, kí oníkálukú lọ dìbò fún ẹni tó bá wù ú. Mo ka ibi ọ̀rọ̀ owó orí yẹn fún wọn. Àwọn kan fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní ṣé mo ti gba owó alátakò ni. Òmíràn ní òun ṣì máa dìbò fún ẹgbẹ́ ìjọba, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti ti ibodè ni ìrẹsì oko ọkọ òun ti ń rí ẹni rà á. Mo ní kò burú, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà nìyẹn. Ọ̀kan ò tilẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún mi. Bọ̀dá Tíṣà ò kí mi mọ́, mo sì mọ̀ pé bí wọ́n bá ń kọ orúkọ, tèmi ló máa ṣíwájú.

Ìyá Ramọ́ta ni mo fi parí. Òun ló dàgbà jù nínú àwa tó ń yan gàrí, ẹrù rẹ̀ sì wà lára èyí tí àwọn aṣọ́bodè kọ́kọ́ gbà lójú ọ̀nà Kétu nígbà tí wọ́n ti ibodè. Wọn ò dá a padà fún un. Mo kúnlẹ̀, mo sọ tèmi.

“Bàbá ẹ náà wá síbí,” ló wí. “Ibi tó o kúnlẹ̀ sí yẹn ló dúró sí. Mo kẹ̀yìn sí i ni. Mi ò dá a lóhùn títí ó fi lọ. Mo ní bí inú mi bá rọ̀, n ó dá a lóhùn. Ikú ò jẹ́.”

Ó fà mí dìde, ó gbọn eruku orúnkún mi. Ó ní òun ti gbọ́ tèmi. Ó ní bí mo bá dé ojú oórì yín, kí n bá òun jíṣẹ́ kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé ojú oórì yín, tí ẹkún ò jẹ́ kí n sọ ọ́, ìdí tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí nìyẹn.

Bàbá, Ìyá Ramọ́ta ní òun ti forí jì yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tí inú rẹ̀ dùn pé ẹ̀yin lẹ bí òun.