Ojú Asẹ́

Ajé, 2 Oṣù Kẹta
Ó rẹ̀ mí. Alágídí – ọkọ̀ wa tó ń wa ara rẹ̀ – tún ń tẹ bíréèkì láìnídìí. Nítorí òjìji. Nítorí ọ̀rá tí atẹ́gùn gbé. Baba Jẹ́jẹ́, ọ̀jọ̀gbọ́n wa, ní ojú ń ti òun, pé àwọn tó ń sanwó ìwádìí ń bọ̀ ní Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní kí n lọ wá nǹkan ṣe sí asẹ́ mi. Asẹ́ mi! Èmi ni mo kọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà, òótọ́ ni. Ohun gbogbo tí ojú ọkọ̀ bá rí ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Èyí tó bá jìnnà jù sí ohun tó ń retí, ó kà á sí pàǹtí, ó dà á nù.

Ọjọ́rú, 4
Mo dín ojú asẹ́ kù, kó lè máa da pàǹtí púpọ̀ sí i nù. Ìdí mi ti kú sórí àga. Màámi, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú wọn, bi mí bóyá kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ lọ́kọ báyìí. Mi ò lágbára ẹ̀rín.

Ajé, 9
Alágídí ń lọ jẹ́jẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rìn kọjá níwájú rẹ̀, ó dúró. Ọ̀rá fò, kò kà á sí. Baba Jẹ́jẹ́ gbá mi léjìká. Mo sùn lọ lórí tábìlì.

Ìṣẹ́gun, 10
Ẹni tó ń bá mi dúró ti Màámi ò wá, mo bá mú wọn dání lọ síbi iṣẹ́, mo fi wọ́n jókòó síbòji létí pápá tá a ti ń dán ọkọ̀ wò. Ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n. Wọn ò fẹ́ yọ mí lẹ́nu. Wọ́n dìde, wọ́n ń dábùú pápá kọjá lọ: ọ̀pá síwájú, wọ́n dúró, wọ́n wọ́ ẹsẹ̀ òsì tẹ̀lé e, wọ́n tún dúró. Alágídí ń bọ̀. Kò tiẹ̀ rọra. Dẹ́rẹ́bà tó máa ń jókòó sínú rẹ̀ ló sáré tẹ bíréèkì. Ọ̀pá Màámi ti kan imú ọkọ̀.
Màámi ní ṣé ọkọ̀ wa fọ́jú ni.
Kò fọ́jú. Mo wo àkọsílẹ̀ inú rẹ̀: láti òkèèrè ló ti rí wọn. Àmọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tá a fi kọ́ ọ, geere ni wọ́n ń rìn. Ẹni tó ń rìn tó ń dúró, asẹ́ mi ní irọ́ ni. Ó da ìyá mi nù mọ́ ọ̀rá.

Ọjọ́bọ̀, 12
Mo sọ fún Baba Jẹ́jẹ́ pé ká la ojú asẹ́ padà, kí ọkọ̀ máa ta gìrì bó ṣe ń ta tẹ́lẹ̀, títí a ó fi rí ọ̀nà mìíràn. Ó ní ó di ẹ̀yìn Ẹtì. Ó ní kò sí arọ nínú àwọn àlejò. Bó ṣe wí nìyẹn. Inú bí mi, mo jáde.

Ẹtì, 13
Mo là á. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Alágídí dúró fún òjìji igi, ó dúró fún ẹyẹ, àlejò kan tó jókòó sínú rẹ̀ da tíì sára. Baba Jẹ́jẹ́ ò wojú mi.

Àìkú, 15
Baba Jẹ́jẹ́ pè mí lórí fóònù. Kí n lọ sinmi fún oṣù kan. Ó ti dín ojú asẹ́ kù padà, ó tún fi ọkọ̀ náà han àwọn àlejò lánàá, wọ́n fọwọ́ sí i. Láti ọ̀la lọ, Alágídí á máa ná títì tó lọ sí ilé ìwòsàn, láìsí dẹ́rẹ́bà. Mo pariwo lé e lórí. Ó ti gbé fóònù sílẹ̀.
Mo wọ yàrá Màámi. Mo ní kí wọ́n má lọ síbi tí wọ́n ti ń bá wọn na ẹsẹ̀ nílé ìwòsàn lọ́la, mo sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n ní, "Àwọn tá a jọ ń lọ ńkọ́?"