Àwòrán Abẹ́ Ilé Wa

Àkọ́bí mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé o sì ń jẹun lásìkò? Èmi wà pa, àfi orúnkún tó ń bá mi ṣagídí. Olúwa kò ní jẹ́ kí o rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.

Àwọn ará ọ́fíìsì yín dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ìwọ lo sọ fáwọn pé ògiri ilé wa ti lanu. Òótọ́ ni, aláǹgbá ti bímọ síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ya àwòrán, ni mo bá wẹ̀, mo wọ aṣọ òde, mo dúró ṣáńṣán níwájú ṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ fótò jáde. Wáyà gígùn ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, wọ́n ki irin kéékèèké mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, géńdé kan wá ń fi òòlù lu awo irin nílẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ni ilẹ̀ ṣe fún wọn. Ọ̀gá wọn ní ìró òòlù ló ń wọlẹ̀ lọ tó ń padà bọ̀, tí irin ń gbọ́ ọ, pé kí n jọ̀ọ́ sinmi máṣíìnì ìránṣọ mi, ó ń dí irin náà létí. Bí iṣẹ́ oníbàárà ṣe sùn sílẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n fi àwòrán hàn mí, mi ò rí ara mi níbẹ̀. Ìlà dúdú, ìlà funfun ni, bí aṣọ onílà. Àmọ́ lábẹ́ yàrá ìyá rẹ, ìlà ò bá ìlà mu mọ́, bí ibi tí ọmọọṣẹ́ rán wọ́. Mo ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n tún un rán, tàbí kí wọ́n po sìmẹ́ńtì sí i. Ọ̀gá yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní ilẹ̀ ló pín sí méjì níbẹ̀, sìmẹ́ńtì ò ràn án. Ó ní ìwọ ni wọ́n máa gbé àwòrán fún, ìwọ lo máa sọ bóyá ká kó jáde. Àṣé iṣẹ́ rẹ nìyẹn, tí mo ń sọ fáyé pé báńkì lo wà.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo kọ́kọ́ fẹ́ bẹ̀ ọ́ pé kí o ní kò séwu. Yàrá yẹn ni ìyá rẹ bí ọ sí, ibẹ̀ náà ló kú sí. Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé kejì náà wà lórí ìlà yẹn, tàwọn tọmọ wẹ́wẹ́. Má wojú mi rárá, ohun tí o bá rí ni kí o kọ.

Ní ti owó oṣooṣù, mo ṣì ń retí rẹ̀, kí ó má lọ yé ọ sí nǹkan mìíràn. Ti oṣù yìí nìkan ni kí o fi wọ mọ́tò wá. Bó bá jẹ́ pé a máa kó jáde, ẹnu rẹ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ, mi ò sì lè dá di ẹrù ìyá rẹ.

Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ yóò gbà ọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.