Ìbò Kì í Ṣe Ẹran Iléyá

Landover, Maryland
Oṣù Kẹsàn-án, 1994

Rasaq àbúrò mi,

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni mí, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Má rán ẹnikẹ́ni sí mi tí o bá ka lẹ́tà yìí tán. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Kettering? Olúfọlákẹ́ ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Kí Ọlọ́run fún gbogbo yín ní ìlera. Tèmi le koko. Ìbínú ló ń gbé mi dìde láàárọ̀.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Ìwé kejì ni mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ó tó mi í fi bá ọ wí.

O mọ̀ pé ọkùnrin tó ń ṣojú wa nínú ìgbìmọ̀ káńtì, ìjọba ìbílẹ̀ tibí, kú nígbà òtútù tó kọjá. Ìdí nìyẹn tí a fi di ìbò abẹ́lé méjì pọ̀ lọ́jọ́ kan: ọ̀kan fún ẹni tí yóò parí sáà olóògbé, ìyẹn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ní ìparí ọdún, èkejì fún sáà tuntun, ọdún mẹ́rin gbáko. Qúdrát ọmọ mi àti Mísítà Pításìn, tó ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí wa, ló jọ du méjèèjì. Ẹgbẹ́ kejì kò fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀, torí náà ẹni tó bá borí lábẹ́lé ti wọlé tán.

Qúdrát borí nínú ti ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó fìdí rẹmi nínú ti ọdún mẹ́rin. Ọjọ́ kan náà, yàrá kan náà, àwọn èèyàn kan náà. Akínlọ́lá tó ń bá a polongo ní ẹ̀rọ ìdìbò ló bàjẹ́. Èmi ní olè ni àwọn tó ka ìbò, mo sì sọ ọ́ sójú wọn. Wọ́n tún ìbò kà, kò yí padà. Mi ò tọrọ àforíjì.

Ni mo bá ń kan ilẹ̀kùn àwọn èèyàn wa kiri. Túndùn ìyàwó Ìdrís ń dín dòdò, kò tilẹ̀ wojú mi.

"Màmá, a ò kúkú fi du ọmọ yín," ló wí. "A fún un ní ọ̀kan, a fún Mísítà Pításìn ní ọ̀kan. Àbí ẹ fẹ́ kó nìkan kó méjèèjì ni? Àlàájì ló ní ká pín in, ká má baà jọ aláìmoore."

Àlàájì wo? Ìwọ Rasaq! Ìwọ lo dìde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tí o ní ọkùnrin yẹn ń jẹ́ ká gbé mọ́tò sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ká fi ìbò kejì san oore rẹ̀. Nígbà tí mo bi ọ́ lórí fóònù, o ní o rò pé ipò méjèèjì dọ́gba, àti pé a kì í kó gbogbo nǹkan síwájú ẹnì kan. Ẹran iléyá là ń pín fún ará ilé, aládùúgbò àti aláìní. Ta ló kọ́ ọ pé bẹ́ẹ̀ là ń ṣe ìbò? O fi ọdún mẹ́rin san owó ibi tí ẹ ń gbé mọ́tò sí.

O sì mọ ohun tó gbé ọmọ yẹn jáde. Àwọn nọ́ọ̀sì àdúgbò wa ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀, kò sí bọ́ọ̀sì, etí títì ni wọ́n ń rìn. Ibẹ̀ ni mọ́tò ti gbá Fatima ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò tíì lè dá rìn dòní. Bọ́ọ̀sì yẹn ni Qúdrát fẹ́ gbà fún wọn. Kí ló fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣe? Kò ní tíì mọ ibi tí ilé ìtọ̀ wọn wà kí wọ́n tó ní kó dìde. Pításìn ti ní ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì kò kan òun.

Qúdrát ní kí n fi ọ́ sílẹ̀, o ò mọ̀ọ́mọ̀. Mo ní àìmọ̀ọ́mọ̀ kò gbé ẹnikẹ́ni relé. Jímọ̀ tó ń bọ̀, dìde níbi tí o ti dìde lọ́jọ́sí, kí o sọ fún wọn pé o ṣì wọ́n lọ́nà.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ọgbọ́n tó pọ̀ ju ohùn rẹ lọ. Kó má fi ìyà àṣìṣe rẹ jẹ ọmọ ọlọ́mọ. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ ìyá rẹ,
Abibat.

Àfikún: Mọ́tò olóògbé bàbá Qúdrát tí mo yá ọ lọ́dún tí o dé Amẹ́ríkà, o ní títí o fi máa ríṣẹ́ ni. O ti ríṣẹ́ tipẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì la ó máa fi gbé relé. Dá a padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí epo kún inú rẹ̀.